Aṣọ Tó Ń Béèrè Ọmọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ wo aṣọ yìí dáadáa. Òkè ńlá wà lẹ́yìn, oòrùn ràn lókè rẹ̀, àwọn ọmọláńgidi kéékèèké tí wọ́n fi aṣọ rán dúró níwájú ilé. Àwọ̀ rẹ̀ dùn ún wò, bí ohun ìṣeré ọmọdé. Àmọ́ ẹ ka ohun tí wọ́n fi òwú kọ sí i lédè Sípéènì: “¿Dónde están?” Níbo ni wọ́n wà?

Chile, orílẹ̀-èdè kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ni irú aṣọ yìí ti wá. Arpillera ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1973, Ọ̀gágun Augusto Pinochet àti àwọn sójà fipá gbàjọba. Wọ́n ń kó èèyàn nílé, níbi iṣẹ́, lójú títì. Ọ̀pọ̀ ò padà wálé. Tí ìyá bá wá ọmọ rẹ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n á ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú ṣì rí sàréè sunkún lé.

Ọ̀dọ̀ ìjọ Kátólíìkì ni àwọn obìnrin tó ń wá ẹni wọn sá sí ní Santiago, olú ìlú Chile. Wọ́n á jókòó pọ̀, wọ́n á tẹ́ aṣọ àpò sílẹ̀, wọ́n á máa rán àjákù aṣọ mọ́ ọn. Àwọn mìíràn gé e lára aṣọ ẹni wọn tó sọnù gan-an. Ẹ fojú inú wò ó: abẹ́rẹ́ ń wọlé, ó ń jáde, lára ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ fọwọ́ ara yín fọ̀ fún ọmọ yín. Ẹni tó jókòó tì yín náà ń rán tiẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹnu ti ń là, tí ọ̀rọ̀ tí wọn ò lè sọ níta ti ń jáde.

Sójà ti di ìwé ìròyìn lẹ́nu. Ta ló máa kọ́kọ́ fura sí abẹ́rẹ́ obìnrin? Ìjọ bá wọn kó aṣọ náà lọ tà lókè òkun. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà, ẹni tó bá sì rà á ti gba ẹ̀rí sọ́wọ́. Nígbà tí ìjọba fi máa fura, ẹ̀rí ti kúrò nílùú.

Ọdún 1990 ni Pinochet fipò sílẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni ìjọba Chile tó gbé ètò kalẹ̀ pé ìjọba fúnra rẹ̀ ni yóò máa wá àwọn tó sọnù. Nígbà náà, èèyàn 1,469 ló wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn tó sọnù. 307 péré nínú wọn ni wọ́n ti rí òkú wọn nígbà yẹn, tí wọ́n sì dá wọn mọ̀.