Ibo Ni Ara Ti Ń Yún Ẹṣin Yín?

(Ìjẹ̀bú-Òde ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dókítà ẹranko yìí ti wáyé, níwájú àwọn tó ní ẹṣin àti àwọn tó ń tọ́jú wọn. A tò ó fún kíkà, a sì jẹ́ kí ìbéèrè àwọn èèyàn dúró bí wọ́n ṣe bi í.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọwọ́ yín ń kan ẹṣin láràárọ̀, ẹ kú ìkàlẹ̀. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí pé ara ń yún ẹṣin kan, kí n tó débẹ̀ ni wọn yóò ti fi nǹkan kùn ún lára. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí mọkálíìkì dà nù. Kẹrosíìnì. Ìpara tí àwọn kan fi ń bó àwọ̀. Ẹni tó tà á fún wọn lọ́jà kò bi wọ́n léèrè ohunkóhun, owó rẹ̀ ló gbà. Ìbéèrè méjì ni èmi máa ń bi wọ́n kí n tó ṣí àpò mi: ibo ni ó ti ń yún un? Ìgbà wo ló ń yún un jù? Ẹ máa gbọ́ ìbéèrè méjèèjì yìí lẹ́nu mi títí a ó fi túká, ẹ fara dà á fún mi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti gọ̀gọ̀ ọrùn àti ìdí ìrù. Bí ẹṣin bá ń fi ọrùn gbo igi, tó ń fi ìdí gbo ògiri títí irun ibẹ̀ fi re tán, tí awọ ibẹ̀ nípọn tó sì hunjọ, kantíkantí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Culicoides ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó kéré débi pé ó ń gba ojú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kọjá. Ìbujẹ rẹ̀ nìkan kọ́ ni wàhálà, itọ́ rẹ̀ ni. Ara ẹṣin míì kò gba itọ́ yẹn rárá, ìjà tí ara bá a jà ló ń di ẹ̀yún. Ìdí nìyẹn tí ẹṣin mẹ́wàá fi lè wà nínú ọgbà kan náà, kí méjì péré máa họra. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé, “Tó bá jẹ́ kòkòrò ni, gbogbo wọn ni ì bá máa yún.” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń dùn mí, nítorí ẹṣin ló ń jìyà ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ wo ẹṣin Iceland. Ọjọ́ pẹ́ tí erékùṣù yẹn ti wà láìsí kantíkantí tó ń bu ẹṣin jẹ. Bí wọ́n bá mú ẹṣin tó dàgbà níbẹ̀ lọ sí Jámánì tàbí Sweden, ẹ̀yún yìí máa ń mú un ju àwọn ẹṣin ìran rẹ̀ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún lọ dáadáa. Àwọn tí wọ́n bí sọ́hùn-ún ti mọ kòkòrò náà láti kékeré. Òfin Iceland kò sì gbà kí ẹṣin tó bá ti jáde padà wọlé mọ́, torí náà ibi tó lọ náà ni yóò ti máa họra. Ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn tí mo bá rí ẹṣin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti ilẹ̀ gbígbẹ òkè Ọya sí ilẹ̀ olómi wa yìí.

Ìgbà wo ni kantíkantí ń jẹun? Ìrọ̀lẹ́ àti ìdájí. Ibo ló ń yé ẹyin sí? Nínú ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran tó tutù. Ní 2024 àti 2025, oṣù Kẹfà ni Iléyá bọ́ sí, Ojúde Ọba sì bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá. Ìgbà òjò gan-an ni. Àsìkò náà là ń kó ẹṣin jọ, tí a ń so wọ́n sí àgbàlá tí omi dúró sí.

Nítorí náà, oògùn àkọ́kọ́ kò sí nínú ìgò kankan. Ẹ mú ẹṣin wọlé kí oòrùn tó máa rọ̀, ẹ má sì tú u síta títí oòrùn yóò fi mú láàárọ̀. Kantíkantí kò lè fò nínú atẹ́gùn tó lágbára, fáànù ńlá kan nínú ilé ẹṣin wúlò ju ìpara mẹ́ta lọ. Ẹ kó ìgbẹ́ lójoojúmọ́, ẹ fa omi tó dúró. Ẹ fi omi tútù wẹ ibi tó ń yún un, omi gbígbóná yóò dá kún ẹ̀yún ni. Oògùn tó ní permethrin tí wọ́n ṣe fún ẹṣin ń lé kòkòrò, ẹ tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Òrí ń rọ awọ tó gbẹ, mo fara mọ́ òrí, ṣùgbọ́n kò pa kòkòrò.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: oògùn eégbọn tí ẹ ń rà fún màlúù àti ajá, èyí tí amitraz wà nínú rẹ̀, ẹ má fi wẹ ẹṣin. Ó lè dá ìfun ẹṣin dúró, kí inú rẹ̀ dì, kó sì kú. Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ wo ara ìgò tó wà nílé yín.

Ìkejì tí ẹ ó ṣọ́ra fún ni abẹ́rẹ́ dexamethasone, èyí tó ń mú ẹ̀yún rọlẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, èmi náà ń lò ó. Lọ́jọ́ kejì ẹṣin á dákẹ́, gbogbo ilé á máa yọ̀. Ṣùgbọ́n tí làpálàpá bá wà lábẹ́ rẹ̀, oògùn yẹn á gba ohun ìjà lọ́wọ́ ara, làpálàpá á sì tàn ká. Ó tún lè fa àrùn pátákò, èyí tó ń sọ ẹṣin di arọ. Ẹni tó gún un láìbéèrè ibi tó ti ń yún ẹṣin kò wo àrùn kankan.

Wọ́n ti ń na aago sí mi, ẹ jẹ́ kí n yára. Ìrù nìkan ló ń gbo, gọ̀gọ̀ ọrùn sì dára? Ẹ wo ihò ìdí rẹ̀, aràn kan wà tó ń jáde wá yé ẹyin síbẹ̀. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ibẹ̀, kí ẹ gbé e wá fún dókítà ẹranko. Ẹsẹ̀ ló ń gbá mọ́lẹ̀? Kòkòrò kúrúnà. Ẹ ya irun gọ̀gọ̀, ẹ rí ohun tó ń rìn? Iná ni. Ara sú kókó-kókó láàárín wákàtí díẹ̀? Ẹ rántí oúnjẹ tàbí oògùn tuntun tí ẹ fún un. Tí ojú tàbí imú bá wú, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn tí òjò ń pa, tí èépá ń ṣí pẹ̀lú ìdì irun? Àrùn òjò ni, ó ń dunni ju kó yúnni lọ. Dókítà ẹranko kan tó ń jẹ́ Van Saceghem ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe kòkòrò rẹ̀ ní Kóńgò ní 1915. Ẹ jẹ́ kí ara ẹṣin gbẹ.

Ibẹ̀ ni mo dé tí ọ̀dọ́kùnrin kan fi dìde lẹ́yìn.

“Dókítà, ẹ má bínú sà. Èmi gan-an ló ń yún.” Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Òrùka pupa mẹ́ta wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo bi í pé: ẹṣin tí o ń tọ́jú, ibo ni irun rẹ̀ ti re? Ó ní ibi tí ọ̀já gàárì ń gbà lábẹ́ ikùn. Ẹṣin mélòó ló ń lo gàárì náà? Ó wo ọ̀gá rẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní gbogbo wọn ni, sà.

Mo ká ìwé tó kù nílẹ̀. Làpálàpá ẹṣin ń ran èèyàn, ó sì ń bá gàárì, búrọ́ọ̀ṣì àti aṣọ ẹ̀yìn lọ láti ara ẹṣin kan sí òmíràn. Nígbà míì kì í tilẹ̀ yún ẹṣin púpọ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni àpẹẹrẹ rẹ̀ á kọ́kọ́ hàn sí. Ẹ̀yin olówó ẹṣin, ọmọ yìí ló kọ́kọ́ rí àrùn yín, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ sanwó rẹ̀. Kí ẹṣin kọ̀ọ̀kan ní búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀já tirẹ̀. Ẹ fọ ohun èlò mọ́, kí ẹ wá fi bílíìṣì tí ẹ bu omi mẹ́wàá sí òṣùwọ̀n kan rẹ̀ pa kòkòrò ara wọn. Ẹ fi ọṣẹ chlorhexidine tí dókítà bá fọwọ́ sí wẹ ẹṣin, kí ó wà lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ṣàn án. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Alhaji kan ní iwájú bi mí pé, “Dókítà, ṣé kò lè jáde ní Ojúde Ọba báyìí? Gbogbo ìdílé ti dá aṣọ.”

Mo mọ ohun tí ọjọ́ yẹn jẹ́ fún ìdílé balógun, Alhaji. Ṣùgbọ́n kò lè jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá ni làpálàpá sábà máa ń gbà kó tó lọ, ẹṣin gbogbo ìdílé yòókù ni yóò sì dúró tì í lójú agbo. Ẹ wá ẹṣin míì, kí ẹ sì wá gàárì míì pẹ̀lú rẹ̀.