Bí wọ́n bá ní ẹ ò yẹ fún ọ̀kan, ẹ gbìyànjú òmíràn: ìrànwọ́ fún ọlọ́mọ ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń tọ́mọ ní Amẹ́ríkà, tówó tó ń wọlé ò káwọ́ bùkátà, ẹ kú ìnáwó ọmọ o. Ètò ìrànwọ́ ìjọba kì í ṣe ẹyọ kan, ti kálukú ló sì ní òfin tirẹ̀. Ohun tó jẹ mí lógún nìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń padà sílé tí wọ́n bá ti já wọn kulẹ̀ níbì kan.

TANF ló ń fúnni lówó. Ọdún 1996 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àgbàlagbà kò sábà lè gba owó ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀ ju oṣù 60 lọ láyé rẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan ò tiẹ̀ jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀.

SNAP ni ti oúnjẹ. Inú káàdì EBT ni wọ́n ń san án sí lóṣooṣù. Kò ṣeé fi ra ọṣẹ tàbí ìlédìí ọmọ, èyí tó ń dùn mí gan-an. Bí òbí kò bá tiẹ̀ ní ìwé ìgbélùú, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìlú Amẹ́ríkà lè gbà á lórúkọ ara rẹ̀. Ọmọ tí ilé rẹ̀ bá ń gba SNAP, ọ̀fẹ́ ni oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ níléèwé.

Ẹ wá fetí sí ti WIC dáadáa. Aláboyún, ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú, àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ló wà fún. Wàrà, ẹyin, èso àti oúnjẹ ìkókó wà níbẹ̀, wọ́n tún ń ran ìyá tí ọmú ń fún ní wàhálà lọ́wọ́. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ga ju èyí tí SNAP gbà láàyè lọ ṣì lè wọlé síbí. Ẹni tó bá sì ti wà lórí Medicaid (ètò ìlera ìjọba fún ẹni tówó rẹ̀ kéré), SNAP tàbí TANF, wọn ò tún ní yẹ owó tó ń wọlé fún un wò. Bàbá àti ìyá àgbà náà lè mú ọmọ tí wọ́n ń tọ́ wá.

Àmọ́ bí ọmọ bá ti pé ọdún kan, tí oúnjẹ ìkókó dópin, ọ̀pọ̀ ìyá kì í padà lọ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ṣì kù fún ọmọ náà!

Tí ẹ ò bá mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ pe 211, nọ́ńbà fóònù tí wọ́n ti ń júwe ibi ìrànwọ́. Bí wọ́n bá sì kọ̀ láti fún yín ní SNAP, lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀. Ẹ ní ọjọ́ 90 láti ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́, ẹ sì lè mú ẹni tí yóò bá yín sọ̀rọ̀ dání.