Káàdì Sójà Confederate Dákẹ́ ní 1864: Ibo La Ó Wá A Sí?

Ẹ fi ojú inú wo káàdì kan tó jẹ́ ti baba ńlá yín. Orúkọ sójà kan ní North Carolina ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn Confederate, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà tó ya kúrò, tó sì bá ìjọba àpapọ̀ jagun láti 1861 sí 1865, wọ́n sì kọ ọ́ pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá 1864. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́. Ṣé ó kú ni, àbí ó sá lójú ogun?

Ẹ má tíì pè é ní ojo. Ojú ogun kọ́ ni wọ́n ti kọ káàdì yìí. Ọdún 1903 ni àwọn akọ̀wé ìjọba ní Washington ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í da ìwé àwọn Confederate kọ sórí káàdì, èyí tí wọ́n bá sì rí nìkan ni wọ́n dà kọ. Oṣù méjì-méjì ló yẹ kí wọ́n máa ka orúkọ àwọn sójà. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 1865, tí ebi ń pa wọ́n, tí ìbọn sì ń lé wọn kiri, ta ló ráyè ìwé? Ìgbà tí Richmond, olú ìlú wọn, wá bọ́ lọ́wọ́ wọn ní oṣù Kẹrin, iná jó ọ̀pọ̀ ìwé mọ́lé.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣẹ́gun rẹ̀ ni kí ẹ ti lọ wá a. Lee, ọ̀gágun Confederate, juwọ́ sílẹ̀ ní Appomattox ní Virginia ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, sójà tó lé ní 28,000 sì gba ìwé pélébé tí wọn yóò máa fi hàn lójú ọ̀nà ilé. Bó bá jẹ́ abẹ́ Johnston, ọ̀gágun wọn mìíràn, ni tiyín wà, ìwé irú èyí tí wọ́n fúnni ní Greensboro, North Carolina, ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀wọ̀n ló wà, ní Point Lookout, ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ ní Maryland, fún àpẹẹrẹ, ó ní láti búra pé òun yóò jẹ́ olóòótọ́ sí ìjọba Amẹ́ríkà kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ìwé ìbúra yẹn ni mo fẹ́ràn jù: bó ṣe ga tó, àwọ̀ irun rẹ̀, àwọ̀ ojú rẹ̀. Ẹni tí kò ya fọ́tò rí, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i ní ìdúró!

Owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ kò fún wọn. Ìpínlẹ̀ tó ń gbé nígbà tó darúgbó ni kí ẹ lọ, kì í ṣe ibi tó ti wọṣẹ́ ológun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá baba ńlá yín tó jẹ́ ẹrú, ẹ má fo ibí yìí. Láti 1888 ni Mississippi ti ń fún àwọn ìránṣẹ́ aláwọ̀ dúdú tí ọ̀gá wọn mú lọ sógun lówó ìfẹ̀yìntì. Fọ́ọ̀mù náà sì béèrè orúkọ ẹni tí wọ́n sìn.