60 Ọdún Kan Náà: Ìfẹ̀yìntì ní Faransé, Japan àti Nàìjíríà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Bí ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì bá délẹ̀, ohun tí a sábà máa ń bèèrè ni iye ọdún tí wọ́n ń lò níbì kan àti iye tí wọ́n ń lò níbòmíì. Tèmi ni pé: ta ni iye ọdún yẹn dè? Ṣé òṣìṣẹ́ ni, àbí ẹni tó gbà á síṣẹ́? Ẹ jẹ́ ká mú 60 nìkan, ká gbé e yẹ̀ wò.

Ní Faransé, ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ni: ọjọ́ orí tó ti lè fẹ̀yìn tì kó sì máa gba owó rẹ̀. Ìjọba François Mitterrand ló fà á wálẹ̀ láti 65 sí 60 ní 1982. Òfin 2010 ló gbé e lọ sí 62. Nígbà tí ìjọba Emmanuel Macron wá fẹ́ sún un dé 64 ní 2023, tí wọn kò sì jẹ́ kí ilé aṣòfin dìbò àṣekágbá lé e lórí, ìgboro dàrú, àwọn akólẹ̀ Paris daṣẹ́ sílẹ̀, ìdọ̀tí sì di òkìtì lẹ́bàá títì. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Owó tí wọ́n ti ń dá láti ìgbà èwe ni wọ́n ń bèèrè.

Japan yàtọ̀ pátápátá. Níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ni òfin dè: kò gbọdọ̀ torí ọjọ́ orí dá òṣìṣẹ́ dúró kó tó pé 60. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì mú 60 yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì ìjọba, ó di 65. Kí ni bàbá yóò máa jẹ láàárín ọdún márùn-ún náà? Òfin ní kí ilé iṣẹ́ wá ọ̀nà tí ẹni tó bá ṣì fẹ́ ṣiṣẹ́ yóò fi ṣe é dé 65. Nítorí náà wọ́n á kí i kú iṣẹ́, wọ́n á gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì tún gbà á padà pẹ̀lú àdéhùn ọdún kọ̀ọ̀kan, lówó oṣù tó dín kù. Ọ̀gá àná lè wá máa gbàṣẹ lẹ́nu ọmọ tó kọ́ níṣẹ́. Ẹ fojú inú wo ìyẹn ní ọ́fíìsì kan n'Íbàdàn!

Lọ́dọ̀ tiwa, fáìlì ló ń sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba á lọ bó bá pé 60 tàbí bó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹni tó wọṣẹ́ ní ọmọ 20 á lọ ní 55, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Òfin 2022 fún olùkọ́ ní 65 tàbí ọdún 40. Ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì àti adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ń lò dé 70. (Ti àwọn tó ń dín ọjọ́ orí kù nínú fáìlì, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ lónìí.)

Ìyá aláṣọ ní Gbági ńkọ́, àti àgbẹ̀ kòkó l'Óǹdó? 60 kò dè wọ́n rárá, kò sì sí owó kankan tó ń dúró dè wọ́n. Ní 2019, ìjọba àpapọ̀ ṣí ètò tí irú wọn fi lè máa dá owó ìfẹ̀yìntì díẹ̀díẹ̀, bí ọjà bá ṣe rí. Bí a bá fẹ́ jiyàn lórí ìfẹ̀yìntì nílẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ wọn ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ló pọ̀ jù.