Ẹ Má Dúró De Katapílà: Ọ̀rọ̀ Lórí Pláànù Káńsù àti Inspẹ́kítọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn èèyàn wa sọ ní Peckham nìyí. Mo gé e kúrú díẹ̀, àmọ́ àwàdà ibẹ̀, mo fi sílẹ̀.)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin pásítọ̀, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n fi jollof tàn wá síbí. Alága ní kí n lo ogójì mínítì, àmọ́ ìkíni àwọn àlejò pàtàkì ti jẹ lára ẹ̀, ẹ bá mi ṣírò ohun tó kù.

Ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ, tẹ́ ẹ bá sùn lẹ́yìn ẹ̀ mi ò ní bínú: ìgbà tí káńsù bá ń ṣe pláànù lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ ti lọ sọ tẹnu yín, kì í ṣe ìgbà tí katapílà bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Local Plan ni wọ́n ń pè é, gbogbo káńsù tó ń bójú tó ètò ìkọ́lé ní England ló gbọ́dọ̀ ní in. Inú ẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé sí, ibi tí ọjà máa wà, ibi tí wọ́n máa fi sílẹ̀ fún iléeṣẹ́, bí ilé ṣe lè ga tó. Òfin ètò ìkọ́lé ti 2004 wá sọ pé tí ẹnikẹ́ni bá wá tọrọ planning permission, ìyẹn àṣẹ láti kọ́lé, ohun tó wà nínú pláànù yẹn ni wọ́n máa fi dá a lóhùn, àfi tí ìdí gidi bá wà tí wọn ò fi ní tẹ̀ lé e. Ṣé ẹ ti rí i? Bébà ìkéde ilé tuntun tí wọ́n so mọ́ òpó iná tẹ́ ẹ wá ń pariwo lé lórí un, ẹjọ́ ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, níbi tí ẹ ò sí.

Ẹ jẹ́ ká fi tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Southwark, káńsù tó ni Peckham níbí, kó New Southwark Plan lọ síwájú ìjọba fún àyẹ̀wò ní January 2020, Kòrónà dé, ìjókòó wá di orí fídíò láti February sí April 2021, káńsù fọwọ́ sí i ní February 2022. Morrisons tó wà nínú ilé ìtajà Aylesham yẹn, tí gbogbo yín ń gba inú ẹ̀ já sí Rye Lane lọ ra iṣu, àti ibùdó bọ́ọ̀sì ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n wà nínú ìwé yẹn, wọ́n fún un ní nọ́ńbà, NSP74, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé máa débẹ̀. Mélòó nínú wa ló kọ lẹ́tà nígbà náà? Ẹ má nawọ́, mi ò fẹ́ dójú ti ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wá ńkọ́. Ní 2013, àwọn olùwádìí Yunifásítì Roehampton ka ṣọ́ọ̀ṣì àwọn èèyàn dúdú ní Southwark, wọ́n rí 240, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó wà ní SE15, àdúgbò Peckham níbí. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí púpọ̀ nínú wọn wà, ilé ìkẹ́rùsí ni, lẹ́yìn Old Kent Road, níbi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe ní ìsàlẹ̀ tí kóyà ń kọrin lókè. Old Kent Road yìí kan náà ni pláànù ní kí ilé 20,000 wọ̀. Ta ni wọ́n fẹ́ bi léèrè ibi tí àwọn ọmọ ìjọ máa gbà lọ? Láńlọ́ọ̀dù kọ́ o, láńlọ́ọ̀dù ti gbé kákúlétọ̀ jáde tipẹ́. Àwọn kan tún máa ń sọ fún mi pé àdúrà làwọn ń gbà sí i. Ó dáa, ẹ gbàdúrà, àmọ́ ẹ fi lẹ́tà tì í lẹ́yìn, torí inspẹ́kítọ̀ tó ń yẹ pláànù wò kì í wá sí vigil.

Inspẹ́kítọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ Planning Inspectorate ní Bristol ló ti ń wá. Káńsù ló ń san owó iṣẹ́ ẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ káńsù. Ìbéèrè mẹ́rin ló ń bi pláànù: ṣé ó gbìyànjú láti pèsè ohun tí àdúgbò nílò, ṣé ẹ̀rí wà lẹ́yìn ẹ̀, ṣé ó ṣeé ṣe, ṣé ó bá ìlànà ìjọba Westminster mu. Kí pláànù tó dọ́dọ̀ ẹ̀, káńsù gbọ́dọ̀ gbé e jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí aráàlú kọ èrò wọn. Àkókò yẹn ni mò ń sọ! Ẹni tó bá kọ̀wé nígbà yẹn, tó ní kí wọ́n yí nǹkan padà, òfin ti fún un láṣẹ láti jókòó síwájú inspẹ́kítọ̀ sọ tẹnu ẹ̀. Tábìlì ni wọ́n máa ń jókòó yí ká, kò sí pé lọ́yà ń da ìbéèrè bò yín bíi ti kóòtù. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Báwo lẹ ṣe máa kọ ọ́? Ẹ má kọ “ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣàánú wa”. Ẹ kọ nọ́ńbà ìlànà tàbí nọ́ńbà ilẹ̀ yẹn, ẹ sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó, kẹ́ ẹ wá kọ gbólóhùn tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀, bíi: “Ẹni tó bá máa wó ilé ìjọsìn níbí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pèsè àyè míì tó tóbi tó o sí àdúgbò kan náà.” Ẹ fi ẹ̀rí tì í: àwọn tó ń wá jẹun lọ́jọ́ Wednesday, àwọn ọmọ tó ń wá ka ìwé, iye ọdún tó kù lórí líìsì. Àwọn aṣáájú wa kan fẹ́ràn kí wọ́n kó orúkọ ẹgbẹ̀rún èèyàn sórí bébà kan kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n gbé e sí WhatsApp. Fọ́tò yẹn dáa. Àmọ́ tí gbogbo wọn bá sọ ohun kan náà, ohun kan náà ni inspẹ́kítọ̀ máa gbé yẹ̀ wò.

Alága ti ń wo aago. Èyí tó kù rèé kíákíá: inspẹ́kítọ̀ lè ní àfi kí wọ́n tún ibì kan ṣe, wọ́n á gbé àtúnṣe jáde kẹ́ ẹ tún kọ̀wé, ó máa kọ ìròyìn ẹ̀, káńsù á fọwọ́ sí i, ẹni tó bá fẹ́ lọ ta kò ó ní High Court ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Mo fẹ́ sọ ti ilé gíga, kò sáyè mọ́.

Nígbà tó kan ìbéèrè, Mọ̀mí kan tó ń tajà ní Rye Lane ló kọ́kọ́ gba gbohùngbohùn. Wọ́n ní: “Ọmọ mi, o ṣeun. Ìwé tó ò ń pọ́n lé yìí, ṣé kò sọ pé ìdá 35 nínú 100 ilé tuntun máa jẹ́ èyí tí mẹ̀kúnnù lè rówó san? Àwọn tó fẹ́ kọ́ Aylesham wá gbé 12 wá. Kí ló wúlò fún?”

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Látìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò béèrè ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ní, Mọ̀mí, òótọ́ lẹ sọ. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni pé wọ́n á gbé ìṣirò jáde, wọ́n á ní owó ìkọ́lé ti ga, èrè ò ní tó, ìlànà sì gba kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tó ń pè mí ní agbẹnusọ káńsù, ẹ gbọ́ o, mi ò sẹ́ pé ihò ńlá nìyẹn. Àmọ́ torí pé 35 wà nínú ìwé la ṣe rí ohun tá a fi ń bá wọn jà, tí wọ́n fi ní láti gbé e kọjá lórí káńsù lọ bá Planning Inspectorate. Iye 35 yẹn gan-an, ìṣirò káńsù ló wà lẹ́yìn ẹ̀, iwájú inspẹ́kítọ̀ pláànù ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn tó ń kọ́lé kì í sì í pa irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ jẹ...

“O ti tún padà síbẹ̀,” ni Mọ̀mí wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo padà síbẹ̀ lóòótọ́.

Bọ̀dá kan bi mí ìgbà tí irú ẹ̀ tún máa wáyé. Òfin ní káńsù gbọ́dọ̀ yẹ pláànù ẹ̀ wò láàárín ọdún márùn-ún, ti Southwark á pé ní 2027. Mọ̀mí ní àwọn ò mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀. Mo ní lẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ kọ náà dáa, wọ́n máa gbà á, kí wọ́n ṣáà kọ nọ́ńbà sí i. “Nọ́ńbà wo?” P1 ni ti ilé mẹ̀kúnnù nínú èyí tó wà nílẹ̀ báyìí, ó lè yí padà nínú tuntun. Wọ́n yọ bíírò jáde nínú báàgì, wọ́n ní kí n tún un pè.