Kí Ọmọ Tó Ya Fọ́tò Ewé, Ẹ Jẹ́ Kó Wo Ewé

Ẹ wo ewé yìí. Ewé lásán ni, àbí? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbé e sókè, kí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tún un wò báyìí. Iṣan rẹ̀ yọ kedere bí odò kékeré tó ń ya sọ́tùn-ún, tó ń ya sósì, ihò tí kòkòrò jẹ sára rẹ̀ sì ń tàn yanran. Ewé kan náà ni o. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé ló yí padà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò igi, ẹyẹ àti kòkòrò níta gbangba, ibí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tíì fún wọn ní kámẹ́rà. Ẹ ní kí kálukú wá ibì kan jókòó sí, kó máa wo ilẹ̀ tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, fún ìṣẹ́jú 10. Wọ́n á kọ́kọ́ ráhùn. Kó tó pẹ́, ẹnì kan á figbe ta pé òun rí èèrà tó ń wọ́ apá labalábá tó tóbi jù ú lọ. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ẹni tó bá fara balẹ̀ tú èèrà, á rí ìfun rẹ̀.

Kò dìgbà tí kámẹ́rà bá wọ́n. Lọ́dún 1916, ọmọ ọdún 14 ni Ansel Adams nígbà táwọn òbí rẹ̀ fún un ní Kodak Brownie, kámẹ́rà alápòótí kékeré, nígbà tí wọ́n lọ sí Yosemite, ibi tó kún fún òkè àti igbó ní Amẹ́ríkà. Òun ló wá di ìlúmọ̀ọ́ká nídìí fọ́tò òkè àti igbó. Fóònù òde òní ju kámẹ́rà yẹn lọ fíìfíì.

Àmọ́ kí ọmọ má fi ìka méjì fa ẹyẹ súnmọ́ lójú fóònù. Tó bá ti kọjá agbára lẹ́ǹsì, ìyẹn gíláàsì ojú kámẹ́rà, ńṣe ni fóònù ń gé etí àwòrán dànù, tó sì ń na ìyókù. Ẹsẹ̀ ni kó fi súnmọ́ ọn.

Ẹ wo ọmọ yìí níwájú lámilámi. Ó dojú bolẹ̀, ó fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, ojú tirẹ̀ àti ti lámilámi wá ṣe déédéé. Ó tẹ ojú fóònù síbi tí ojú kòkòrò náà wà. Ó mí jáde díẹ̀díẹ̀, ó dúró, ó yà á. Tí ojú bá ti mọ́ kedere, ìrù lè ṣe bàìbàì, kò burú.

Ẹyẹ tó ń fò ńkọ́? Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ṣí kó sì pa dé láàárín ìdá kan nínú ìdá 1000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá jẹ́ ìdá kan nínú ìdá 60, apá rẹ̀ á kàn dà bí èéfín.

Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù. Tó bá di ọ̀sán gangan, kí wọ́n wábi ìbòòji.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú le: ìtẹ́ ẹyẹ. Kò sí fọ́tò tó tó ohun tí ìyá ẹyẹ á torí ẹ̀ sá kúrò lórí ẹyin kí ẹyin wá tutù. Kí ọmọ má sì ṣẹ́ ẹ̀ka tó bo ìtẹ́ kó bàa lè ríran dáadáa. Ẹ̀ka yẹn ló ń fi ìtẹ́ pa mọ́ fún ọ̀tá. Tí ẹyẹ bá ti ń ké léraléra, tó ń fò yí ọmọ ká, ọmọ ti súnmọ́ jù. Kó rọra fà sẹ́yìn.

Tí wọ́n bá dé, kí kálukú yan fọ́tò ẹyọ kan ṣoṣo, kó sọ ohun tó ń wò kó tó yà á. Ẹ má tíì sọ èyí tó dáa. Ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ ná.