Ìgbẹ́ Adìẹ Tó Ti Kú: Ìgbà Wo Ni Ká Da Ajílẹ̀ Sí Oko Etílé?

Òkun o, ẹ̀yin ará Owé, ẹ̀yin Ìyàgbà, ẹ̀yin Ìjùmú, àti ẹ̀yin Bùnú tí ẹ rin ọ̀nà jíjìn wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lórí fóònù náà, òkun o. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Kàbbà lọ́jọ́ Sátidé nìyí. Mo yọ ikọ́ mi kúrò níbẹ̀, mo fi àwàdà sílẹ̀.

Ogójì ìṣẹ́jú ni alága fún mi. Kókó márùn-ún ni mo kọ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ti àkọ́kọ́ ni màá sọ títí ilẹ̀ fi máa ṣú.

Wọ́n ní kí n wá sọ oṣù tó yẹ ká da ajílẹ̀ sí ọgbà ẹ̀fọ́. Àwọn ọmọ kàlẹ́ńdà ti ní ìdáhùn tiwọn: Oṣù Kẹta. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, wọ́n á pín in lọ́jà. Mo ti ń bá wọn fà á láti ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991, kò sì tíì rẹ̀ mí. Oṣù kọ́ ló ń sọ ìgbà. Ìgbẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi: ṣé o ti kú, àbí o ṣì wà láàyè?

Ẹni tí kò mọ ìgbẹ́ tó wà láàyè, kó wọ ilé adìẹ tí wọn ò tíì kó mọ́ láti oṣù mẹ́ta, kó wọ ibẹ̀ ní ìdájí. Ojú á ta á, imú á máa jó o. Amóníà ni ìyẹn. Náítírójìn tí ẹ̀fọ́ ì bá jẹ ló ń fò lọ lójú ẹ̀ yẹn. Bẹ́ ẹ bá bù ú bẹ́ẹ̀ sídìí ata, gbòǹgbò á jóná, etí ewé á pọ́n bí ìwé tí iná lá, ó di gbígbẹ.

Mo ti ṣe é rí o. Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì, mo gbin tòmátò ọgọ́ta sẹ́yìn ilé mi ní Mọ̀pà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo bu ìgbẹ́ adìẹ tútù sídìí gbogbo wọn, èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ẹlòmíì. Lọ́jọ́ Fúráídé ìyàwó mi pe àwọn aládùúgbò: "Ẹ wá wo iṣẹ́ ọ̀gá àgbẹ̀." Méje ló kù.

Báwo la ṣe ń pa á? Òkìtì ni. Ẹ kó o jọ kó ga dé ìbàdí. Bẹ́ ẹ bá da ìgbẹ́ sílẹ̀, ẹ da pòròpórò àgbàdo tàbí ewé kaṣú gbígbẹ lé e, ẹ tún da ìgbẹ́ lé ìyẹn. Ẹ bomi rin ín. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un. Omi gbọ́dọ̀ yọ láàrin ìka, kò gbọdọ̀ kán sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ ki àdá bọ àárín òkìtì náà, ẹ lọ bó ọsàn kan kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ wá fa àdá yọ, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fa ọwọ́ yín padà kíá, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn. Òkìtì tó dáa máa ń gbóná ju 55°C lọ, ooru yẹn ló ń pa èso koríko àti kòkòrò àìsàn. Tó bá tutù, ẹ yí i, kí ti ìta bọ́ sínú, á tún gbóná. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá yí i tí kò gbóná mọ́, tó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, tẹ́ ẹ ò dá ìgbẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ewé, ó ti kú. Ó ń gbà tó oṣù méjì sí mẹ́ta.

Ọ̀rẹ́ mi kan jókòó síbí, ẹ má wojú ẹ̀, tó ti sọ fún gbogbo ìlú pé kí wọ́n máa po eérú mọ́ ìgbẹ́ adìẹ. Eérú dáa. Ìgbẹ́ adìẹ dáa. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ bá ṣì wà láàyè, eérú ló ń lé amóníà jáde nínú rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ tìtorí rẹ̀ ru ìgbẹ́ wálé ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ kó eérú sí. (Ó ti fèsì. N kò kọ èsì rẹ̀ síbí.)

Alága ti ń fi bíírò kan tábìlì. Ẹ jẹ́ kí n sáré.

Èkejì: èyí tó bá ti kú, ẹ dà á sórí bẹ́ẹ̀dì ní ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó gbìn, bíi kílò kan fún mítà kan níbùú àti lóròó, ẹ fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ ti wọlẹ̀ dáadáa. Nígbà tí òjò Oṣù Kẹsàn-án bá ń ya lójoojúmọ́, ẹ má dà á. Odò lẹ ń bọ́. Ẹ̀kẹta: ìgbẹ́ màlúù kì í jóni tó ti adìẹ, ṣùgbọ́n gbogbo koríko tí màlúù jẹ lọ́nà ló ń kó èso rẹ̀ wá fún yín. Òkìtì náà ni tirẹ̀. Ẹ̀kẹrin: lófin àwọn tó ń dáko láìlo kẹ́míkà ní Amẹ́ríkà, ìgbẹ́ tútù gbọ́dọ̀ ti lo 120 ọjọ́ nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó kórè ohun tó bá fara kan ilẹ̀, 90 ọjọ́ fún èyí tí kò fara kàn án. Tẹ̀tẹ̀ tiwa ti wọ ìkòkò nígbà tí oṣù méjì ò tíì pé. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, mo ti gbàgbé.

Ìgbà náà ni ìyá kan láti Ìsánlú dìde.

"Ọ̀gá, ó yé mi. Ṣùgbọ́n àkùrọ̀ ni mo ń ṣe, ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ń gbìn. Ọmọkùnrin tó ni adìẹ, tó bá ti ta adìẹ Kérésì tán ló ń kó ilé wọn mọ́. Ọ̀fẹ́ ló ń kó o fún mi. Nígbà yẹn ata mi ti ń tanná. Ṣé kí n ní kó dúró ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Láti àárọ̀ ni mo ti ń bá kàlẹ́ńdà jà, kàlẹ́ńdà ẹni tó ni adìẹ ò sì wá sí mi lọ́kàn rí.

Mo ní, Màmá, ẹ gbà á. Ẹ̀bùn ò ṣeé dá padà. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dé ìdí ata yẹn. Ẹ kó o jọ síbi tó jìnnà sí odò tẹ́ ẹ ń pọn. Tó bá fi máa di ìparí Oṣù Kẹta, ó ti kú. Ẹ fi díẹ̀ gbin ẹ̀fọ́ etílé nígbà àkọ́rọ̀, ẹ bo ìyókù kí òjò má fọ̀ ọ́ lọ, kó máa dúró de àkùrọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Ti Kérésì yìí lẹ ó fi gbin ata èyí tó ń bọ̀. Ọdún àkọ́kọ́ nìkan ló máa dùn yín.

Ó ní ata tó wà nílẹ̀ báyìí ńkọ́? Mo bi í bóyá ó ń sin ewúrẹ́. Ó ní mẹ́rin. Mo ní kó wọ́n ìgbẹ́ wọn gbígbẹ díẹ̀díẹ̀ yí ata ká, kó má kan igi rẹ̀. Kóró ìgbẹ́ ewúrẹ́ kì í jóni bíi ti adìẹ, ó ń pẹ́ kó tó tú.

"Kí ni kí n fi bo òkìtì? N kò ní tapólì."

Mo ní ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ewúrẹ́ mẹ́rin tí mo wí yìí?"

Mo ní ó dáa, imọ̀ ọ̀pẹ, kó sì gbé igi lé e. Ó rò ó wò, ó jókòó. Alága ti pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn.